Àgbéyẹ̀wò Ìjàǹbá Ọkọ̀ Òfuurufú Kékeré tí Àléébù Ìtọ́jú Fà

Ìfáàrà

Bí ọkọ̀ òfuurufú bá já láwùjọ wa, gbólóhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ènìyàn ni pé àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn mìíràn a ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Síbẹ̀, ìwádìí tí àwọn àjọ tọ́rọ̀ kàn ṣe lórí àwọn ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan fi hàn pé ohun tó pa àwọn èrò inú wọn ti ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀, nínú ilé àtúnṣe ọkọ̀, kí wọ́n tó wọlé jókòó rárá. Nígbà mìíràn, alẹ́ àná ló ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ tí ojú kò rí i.

Nígbà tí a bá gbọ́ pé àìtọ́jú ló fa ìjàǹbá, ohun tó ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ọkọ̀ jákujàku tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Irú èyí wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà ronú kàn, èyí ni ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán, tó jẹ́ pé àtúnṣe náà gan-an ló gbé ikú wọ inú rẹ̀. Irú kejì yìí ni ọ̀rọ̀ yóò dá lé jù níhìn-ín, nítorí pé ó kan àwọn ohun tí olùkọ́ mọ̀ dáadáa: bí a ṣe ń kọ́ni níṣẹ́, bí a ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀, àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu ẹnì kan dé etí ẹlòmíràn.

Bí Ọkọ̀ Kékeré ṣe ń Gbọ́ràn sí Awakọ̀ Lẹ́nu

Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ òfuurufú ńlá ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ awakọ̀, tí ó sì ń fi agbára ẹ̀rọ mú un ṣẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Kéébù onírin tín-ín-rín ló so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ ìrù ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí kéébù ṣe so ọwọ́ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́ bíréèkì rẹ̀. Kéébù yìí ń gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá lórí àwọn àgbá kéékèèké títí tí yóò fi dé ìdí ìrù. Ibẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ kan wà ní ìbú tí ń gbéra sókè tàbí sílẹ̀. Bí awakọ̀ bá fa ọwọ́ ìdarí sí àyà, abẹ̀bẹ̀ ìrù yìí a gbéra sókè, atẹ́gùn a tẹ ìrù mọ́lẹ̀, imú ọkọ̀ a sì dìde. Bí ó bá tì í síwájú, òdìkejì rẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀. Irin kékeré kan tún wà tí a ń yí láti mú kí kéébù náà le tàbí kí ó dẹ̀. Irin ìfúnkéébù ni a ó máa pè é.

Ohun mìíràn tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni ìdọ́gba ẹrù. Ẹni tó bá ti ru agbọ̀n rí mọ̀ pé bí ẹrù bá wúwo sẹ́yìn ju iwájú lọ, ọrùn ni yóò máa jà láti má jẹ́ kí ó dà. Bákan náà ni ọkọ̀ òfuurufú: bí ẹrù bá pọ̀ jù ní ìrù, imú rẹ̀ a fẹ́ máa dìde ṣáá, abẹ̀bẹ̀ ìrù nìkan ni awakọ̀ sì ní láti fi bá a jà. Nínú ọkọ̀ tó gba èèyàn mọ́kàndínlógún, àpò méjì tó wúwo lè yí ìdọ́gba yìí padà.

Ohun tó Gbó tí Ojú kò Rí

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2007, ọkọ̀ Twin Otter kan tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Air Moorea gbéra ní erékùṣù Moorea láti lọ sí Tahiti, lórí Òkun Pàsífíìkì. Ìrìn náà kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Awakọ̀ kan àti èrò mọ́kàndínlógún ló wà nínú rẹ̀. Kété tí ó kúrò nílẹ̀ ló já sínú òkun, gbogbo àwọn ogún ló sì kú.

Àjọ ilẹ̀ Faransé tí ń ṣe ìwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú, BEA, rí i pé kéébù tí ń gbé imú ọkọ̀ sókè ló já. Ó ti yún níbi tí ó ti ń fara gbo ara ohun tó dì í mú lójú ọ̀nà rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan ni àwọn fọ́nrán rẹ̀ sì ń já. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, èyí tó dára létí òkun oníyọ̀, ṣùgbọ́n tí kò fara da gbígbo tó irin kejì tí wọ́n máa ń lò. Àwọn tó ṣe ìwádìí tún sọ pé ó ṣeé ṣe kí atẹ́gùn líle tó ń jáde láti ìdí ọkọ̀ ńlá kan ti gbo abẹ̀bẹ̀ ìrù náà jìgìjìgì níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí, kí ó sì já lára àwọn fọ́nrán tó ṣẹ́kù. Nígbà tí awakọ̀ ká abẹ̀bẹ̀ abẹ́ apá wọlé lẹ́yìn tó gbéra, imú ọkọ̀ fẹ́ tẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Ó fa ọwọ́ ìdarí láti gbé e sókè. Fífà yẹn ni kéébù náà kò lè gbà mọ́.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀ka tó kéré náà ni ẹni tó fẹ́ pẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí, bẹ́ẹ̀ ibi tí kéébù yìí ti gbó pamọ́ sí, kì í ṣe ibi tí ojú ń dé bí a bá kàn yí ọkọ̀ ká.

Ọ̀rọ̀ tí kò Dé Etí Ẹni tó Kàn

Ìjàǹbá kejì yàtọ̀ pátápátá, nítorí kò sí ohun kankan tó gbó níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, ọkọ̀ Embraer 120 tí ilé-iṣẹ́ Continental Express ń lò ń bọ̀ láti Laredo sí Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ìrù rẹ̀ fọ́ lójú sánmà, ó sì já nítòsí Eagle Lake. Àwọn mẹ́rìnlá tó wà nínú rẹ̀ kú. Nígbà tí wọ́n kó àfọ́kù rẹ̀ jọ, wọ́n rí i pé mẹ́tàdínláàádọ́ta (47) sìkúrúù kò sí lára òkè etí iwájú ìrù apá òsì. Wọn kò ṣẹ́, wọn kò sì já bọ́. Wọn kò sí níbẹ̀ rárá ni.

Òru ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń pààrọ̀ rọ́bà tí ń fọ́ yìnyín dànù létí ìrù náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, àwọn ti òru ni yóò sì parí rẹ̀. Olùyẹ̀wò kan lára àwọn ti ìrọ̀lẹ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wò, fínnúfíndọ̀ gun òkè lọ láti ran àwọn mẹkáníìkì lọ́wọ́. Ó tú sìkúrúù òkè apá ọ̀tún, ó sì tú ti apá òsì pẹ̀lú. Apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ lóru náà, wọ́n sì dì í padà. Láti ilẹ̀, kò sí ẹni tó lè rí òkè ìrù apá òsì, nítorí òkè fíofío ni ìrù ọkọ̀ náà wà. Ó fò lọ sí Laredo ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láìsí ìjàǹbá. Ní àbọ̀ ni etí ìrù náà ya.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ èdè fara balẹ̀ wò ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe sọnù. Olùyẹ̀wò tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lóru tètè dé, ó sì ka ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ máa lọ tó kọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ náà sínú rẹ̀. Nígbà tí onítọ̀hún wá kọ ọ́, kò sí ẹni tó tún padà kà á. Àwọn mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó parí iṣẹ́ ní kíkún. Ẹ jẹ́ kí á tilẹ̀ ní ẹnì kan sọ fún èkejì pé, “Mo bá wọn tú rọ́bà yẹn.” Gbólóhùn yìí pé, kò sì sí àṣìṣe gírámà kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ apá tí wọ́n tú, kò sọ iye tí wọ́n tú, kò sì sọ ohun tó kù láti dì. Ẹni tó gbọ́ ọ yóò fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò dí àlàfo inú rẹ̀.

Àjọ NTSB, tí ń mójú tó ààbò ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, dá àwọn òṣìṣẹ́ àtúnṣe àti olùyẹ̀wò lẹ́bi pé wọn kò tẹ̀lé ìlànà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà, John Lauber, kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ náà dúró síbẹ̀. Ní tirẹ̀, àwọn ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà ni kò gbé àṣà ìtẹ̀lé ìlànà kalẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Èrò rẹ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn onímọ̀ ọkọ̀ òfuurufú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àṣà ààbò. Ó sì ṣòro láti sọ pé kò gba ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Bí Ìwé bá Ṣì Wá Lọ́nà

Ìwé ìtọ́nisọ́nà ni Bíbélì mẹkáníìkì ọkọ̀ òfuurufú. Òfin kò gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ láti inú orí rẹ̀, bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ náà tó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2003, ìwé gan-an wà lára ohun tó ṣini lọ́nà. Ilé-iṣẹ́ Colgan Air ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kéébù kan nínú ọkọ̀ Beechcraft 1900D ní Hyannis, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Kéébù yìí ló ń darí ìwé-irin kékeré tó wà létí abẹ̀bẹ̀ ìrù, èyí tí awakọ̀ fi ń dín agbára tó ń lò lórí ọwọ́ ìdarí kù. Àwòrán inú ìwé ìtọ́nisọ́nà náà ya àgbá tí kéébù ń yí mọ́ ní àyídà. Wọ́n wé kéébù náà lódì, bí awakọ̀ bá sì ní kí imú lọ sókè, ilẹ̀ ló ń lọ. Àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ kò kún tó láti fi àṣìṣe náà hàn, àwọn awakọ̀ náà kò sì tẹ̀lé ìwé àyẹ̀wò wọn bó ṣe yẹ kí wọ́n tó gbéra. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n kú nínú omi nítòsí Yarmouth.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ àwọn onímọ̀ ọkọ̀ òfuurufú lógún. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lò wọ́n kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ní ọdún 1986, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ní Yúróòpù gbé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì onírọ̀rùn jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní ASD-STE100 lónìí. Nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan ni. Gbólóhùn tó ń pàṣẹ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ogún ọ̀rọ̀ lọ. Fún àpẹẹrẹ, wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà “follow” láyè kí ó túmọ̀ sí kí nǹkan wá lẹ́yìn nǹkan mìíràn, wọn kò gbà á láyè kí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn pa àṣẹ mọ́. Ó dùn mọ́ni pé ìṣòro kan náà wà lára “tẹ̀lé” nínú èdè Yorùbá, nítorí a ń tẹ̀lé ènìyàn lọ sóko, a sì ń tẹ̀lé òfin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rò pé pọ́nna kò wúlò ju kí a fi ṣàwàdà tàbí kí a fi dáhùn ìbéèrè ìdánwò lọ yóò rí i níhìn-ín pé àwọn ènìyàn kan jókòó láti lé e jáde kúrò nínú ìwé nítorí ẹ̀mí.

Ọ̀gá àti Ẹni tó ń Kọ́ṣẹ́

Oṣù méje ṣáájú èyí, irú ọkọ̀ kan náà, Beechcraft 1900D, ti já ní Charlotte, ìpínlẹ̀ North Carolina. Air Midwest ló ni ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2003, ó gbéra pẹ̀lú èrò mọ́kàndínlógún àti awakọ̀ méjì láti lọ sí Greenville-Spartanburg. Kò pẹ́ tó kúrò nílẹ̀ tí imú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, tí kò sì dúró. Àpótí ìkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ (tí àwọn ènìyàn ń pè ní àpótí dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ọsàn ni wọ́n máa ń kùn ún) fi hàn pé imú náà dìde tó ìwọ̀n dígírì 54. Àwọn awakọ̀ méjèèjì ti ọwọ́ ìdarí síwájú títí tí kò fi lọ mọ́. Ó já sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ́kọ̀sí kan ní pápákọ̀ náà. Àwọn mọ́kànlélógún kú.

Ọjọ́ méjì ṣáájú, ní alẹ́, ni wọ́n ti tún ọkọ̀ náà ṣe ní Huntington, ìpínlẹ̀ West Virginia. Air Midwest gbé iṣẹ́ àtúnṣe fún ilé-iṣẹ́ kan, ilé-iṣẹ́ yẹn gba mẹkáníìkì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Mẹkáníìkì tí wọ́n fún ní iṣẹ́ náà kò ṣe irú rẹ̀ lára Beechcraft 1900D rí. Olùyẹ̀wò ló ń kọ́ ọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Wọ́n rí i pé kéébù abẹ̀bẹ̀ ìrù dẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mẹkáníìkì náà sì yí irin ìfúnkéébù láti mú un le. Ìwé ìtọ́nisọ́nà to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì fẹnu kò pé nígbà tó jẹ́ pé kéébù nìkan ni àwọn fẹ́ mú le, kò pọn dandan kí àwọn ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n fo àwọn kan. Nínú àwọn tí wọ́n fò yìí ni èyí tí ì bá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé abẹ̀bẹ̀ náà kò lè lọ sílẹ̀ mọ́ ju nǹkan bí ìdajì ibi tó yẹ kí ó dé lọ.

Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ náà fò lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láìsí ìjàǹbá. Èyí ló yẹ kí ó ba ènìyàn lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdajì tó kù tó fún àwọn awakọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹrù kò bá pọ̀ jù lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kẹwàá, àpò tí wọ́n dì sẹ́yìn pọ̀. Àwọn tó ń ṣírò ẹrù sì lo ìwọ̀n àfojúdá fún èrò kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe gbà wọ́n láyè nígbà náà. Ìwọ̀n yìí kéré sí bí àwọn èrò ṣe wúwo tó ní tòótọ́. Lórí ìwé, ọkọ̀ náà dọ́gba. Ní tòótọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo kọjá ààlà. Ìwọ̀n àfojúdá yìí ni àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà fi kún lẹ́yìn ìjàǹbá náà.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn méjèèjì tó ṣiṣẹ́ lóru yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, àti nínú kíláàsì pàápàá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ń fi ọ̀nà àbùjá han ẹni tó ń kọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú ni ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ohun tí ọ̀gá bá fò, ọmọ iṣẹ́ kò ní mọ̀ pé ó wà. Ó tilẹ̀ lè rò pé mímọ ohun tí a lè fò ni ìjìnlẹ̀ iṣẹ́ náà. Béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá kò sì rọrùn fún ọmọ iṣẹ́, yálà ní Huntington tàbí ní Ìbàdàn.

Ibì kan tún wà tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Olùyẹ̀wò tó kọ́ mẹkáníìkì náà níṣẹ́ ni ó tún yẹ iṣẹ́ náà wò, tó sì buwọ́ lù ú pé ó dára. Iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò lọ́nà kan, ọ̀bẹ kì í sì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. NTSB dábàá lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí olùyẹ̀wò fọwọ́ sí iṣẹ́ pàtàkì tó jẹ́ pé òun ló kọ́ ẹni tó ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó tún dá Air Midwest lẹ́bi pé kò bojú tó ohun tí wọ́n ń ṣe fún un ní Huntington, ó sì dá àwọn aláṣẹ ìjọba lẹ́bi pé àwọn náà kò bojú tó Air Midwest.

Àwọn ẹbí kan lára àwọn tó kú kò gbà kí owó nìkan parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà sọ ọ́ síta pé òun jẹ̀bi, ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í sábà gbà kí oníbàárà wọn ṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, níbi ètò ìrántí tí wọ́n ṣe ní Charlotte, ọ̀gá àgbà Air Midwest dúró níwájú wọn, ó gbà pé ẹ̀bi náà kan ilé-iṣẹ́ òun àti àwọn tó bá a tún ọkọ̀ náà ṣe, ó sì tọrọ àforíjì ní gbangba.